Ìkùukùu Lókè Wádì

Tí ẹ bá bi Wadha léèrè ọjọ́ tí ìfẹ́ Sattam wọ̀ ọ́ lọ́kàn, kò ní sọ fún yín pé ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí ojú rẹ̀ ni. Ọjọ́ tí inú bí i sí i ni. Inú náà sì bí i gan-an, nítorí kò sí ohun tó ń dun obìnrin tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó kí ẹnì kan máa yẹ iṣẹ́ náà wò bíi pé olè ló ṣe é.

Ẹ̀wù mọ́kànlá ni Sattam kó wá fún un lọ́sẹ̀ náà, àwọn ẹ̀wù onífóòmù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì sómi, èyí tí àwọn amọ̀nà máa ń wọ̀ fún àlejò kí wọ́n tó kó wọn wọ inú Wádì, àfonífojì olómi tó wà láàárín àpáta. Àpáta ti fà wọ́n ya. Wadha rán gbogbo wọn lójú méjì pẹ̀lú òwú tí wọ́n fi ń rán àgọ́. Nígbà tí Sattam padà wá, kò sọ pé ó kú iṣẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú ilé, ó ń gbé ẹ̀wù náà sórí itan lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi gbogbo agbára rẹ̀ fa ojú rírán wọn.

"Ṣé ẹ fẹ́ fà á ya ni?" Wadha bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò kúkú mú ọ̀bẹ wá?"

"Ibì kan wà nínú Wádì," ó ní, kò gbójú sókè, "okùn èjìká ẹ̀wù yìí ni mo máa ń dì mú tí mo bá fẹ́ fa èèyàn gòkè níbẹ̀. Tó bá já lọ́wọ́ mi, ta ni mo máa wá bínú sí?"

Ó fa mẹ́wàá, kò sí èyí tó já. Ìkọkànlá já. Wadha ti múra ìjà sílẹ̀, ó ti ń wá èsì tó máa fún un tó bá fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Sattam kàn na ẹ̀wù náà sí i ni. "Ẹ kú iṣẹ́," ó ní. "Ẹ bá mi tún èyí rán. Mo máa dúró." Ó dúró lóòótọ́, wákàtí kan gbáko, láìsọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbà tó lọ tán, Wadha rí i pé òun ń fetí sí ìró ọkọ̀ rẹ̀ títí tó fi yí igun. Ó bá ara rẹ̀ wí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò gbọ́.

Láàárín oṣù mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, ẹ̀wù ń ya nínú Wádì ju bó ṣe yẹ lọ. Wadha ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ojú yíyà náà ń tọ́ bíi pé wọ́n fi igi wọ̀n ọ́n. "Àpáta wo ló ń gé aṣọ báyìí?" ó bi Sattam lórí fóònù lọ́jọ́ kan. Ọmọkùnrin náà ní, "O ní kí n mú ọ̀bẹ wá." Wadha rẹ́rìn-ín títí tí ìyá rẹ̀ fi yọjú wá béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ títí, nítorí bàbá Wadha wà níbẹ̀.

Bàbá Kalaf ni gbogbo èèyàn ń pè é. Kalaf ni ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, amọ̀nà bíi Sattam, ọ̀rẹ́ Sattam pàápàá. Wádì ló pa á, ó ti di ọdún méje. Wádì yẹn tóóró débi pé níbòmíràn, tí èèyàn bá na apá méjèèjì, á kan àpáta lọ́tùn-ún lósì, àpáta náà sì ga débi pé ọ̀sán gangan nìkan ni oòrùn ń kan omi ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ojú ọ̀run lè mọ́ rekete ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí òjò máa rọ̀ lórí òkè tó jìnnà, kí omi òkè náà sì já wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi máa ń wà lórí òkè láti pe àwọn amọ̀nà tó bá ti rí ìkùukùu.

Hamad, bàbá Sattam, ló wà lórí òkè láyé ìgbà náà. Ibẹ̀ ló ti ń da ewúrẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àgbàrá gbé Kalaf lọ, ohun tí gbogbo ìlú sọ ni pé Hamad sùn sábẹ́ igi, kò pè. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Hamad Olóorun. Kò jiyàn. Àwọn amọ̀nà wá ẹlòmíràn tí wọ́n ń pè. Sattam nìkan ló ṣì ń pe bàbá rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀.

Ẹ wá wo ọmọ ẹni tí Wadha lọ fẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìyá Rakan, àbúrò Hamad obìnrin, ti wá bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá Kalaf bu tíì fún un, tó bi í léèrè ewúrẹ́ àti ọmọ, tó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà láì dáhùn. Ìgbà kẹta, Wadha dúró sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó fi etí lé e.

"Bàbá Kalaf, bàtà mi ti jẹ tán lójú ọ̀nà ilé yín."

"Ra òmíràn."

"Ẹ má bá mi ṣeré. Kí ni ọmọ yẹn ṣe yín?"

"Ọmọ Hamad ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ló pa ọmọ yín."

"Ó sùn."

Ìyá Rakan dákẹ́, nítorí òun náà gbà pé ó sùn. Wadha gbọ́ bí ìyá òun ṣe mí kanlẹ̀. Ìyá Kalaf kì í dárúkọ Hamad. Tó bá kírun tán, ó máa ń fi kún àdúà rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹnu rẹ̀ á máa mì, kò sì sẹ́ni tó nílò àlàyé pé orí ẹnì kan ni àdúà náà ń lọ.

"Sattam ò sùn o," Ìyá Rakan tún gbìyànjú. "Kò sí amọ̀nà tó dà bíi rẹ̀ láti ibí dé Òkun Iyọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wù yín."

"Mi ò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo máa fi ojú ara mi rí i." Ohùn Bàbá Kalaf yí padà. "Gbọ́, kí o lọ sọ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́. Mo fi Ọlọ́run búra. Sátidé tó ń bọ̀ yìí, kí Sattam mú èmi fúnra mi gba inú Wádì já. Kí Hamad wà lórí òkè bó ṣe wà lọ́jọ́ yẹn. Tí mo bá jáde lápá kejì, mo fún un lọ́mọ mi. Tí kò bá mú mi wọlé lọ́jọ́ náà, kí ó má fi ẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́ títí ayé."

Tíì dà sílẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá Kalaf. "Bàbá Kalaf, ẹ ti lé ní ọgọ́ta ọdún."

"Mo mọ ọjọ́ orí mi."

"Ọdún méje lẹ ò fi dé ibẹ̀."

"Ìyẹn náà mo mọ̀."

Kí ilẹ̀ tó ṣú ni Sattam ti ránṣẹ́ padà pé òun gbà. Wadha pè é lórí fóònù, ó sì bá a wí kí ó tó kí i. "Ta ló ní kí o gbà? Bàbá mi fẹ́ kú síbẹ̀ ni, àbí ó fẹ́ kí o kú síbẹ̀. Mi ò mọ èwo."

"Mo máa mú un já."

"Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀ ńkọ́? Tí àyà rẹ̀ bá já nínú òkùnkùn ibẹ̀?"

"Wadha, bá mi rán ẹ̀wù kan tó máa bá a mu. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju àwọn àlejò wa lọ."

Ó fẹ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti mọra. Ó bi í lọ́jọ́ náà. "Sattam, ṣé bàbá ẹ sùn lóòótọ́?"

"Mi ò ní dá ẹ lóhùn ìyẹn," Sattam ní.

Kí ni ẹ fẹ́ kí ọmọbìnrin rò nípa irú èsì bẹ́ẹ̀? Ó rò pé ó sùn nìyẹn. Ó sì rò pé Sátidé, ọkùnrin tó sùn nígbà kan ni ẹ̀mí bàbá òun àti ẹ̀mí olólùfẹ́ òun máa wà lójú rẹ̀.

Ọ̀sán mẹ́ta ni Sattam fi wá sí àgbàlá wọn láti múra bàbá náà sílẹ̀. Ó tẹ́ ẹní, ó kó ẹrù jáde: okùn méjì, fèrè, bàtà tí omi ń gba ara rẹ̀ jáde, àpò tí wọ́n ń ká ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí omi má bàa wọ̀ ọ́, dàbínù, wàrà gbígbẹ, àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí Wadha yan. Ó ń ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ bíi pé àlejò láti ìlú Amman ló jókòó níwájú rẹ̀. Bàbá Kalaf ń wò ó. Ọkùnrin yìí ti mú èèyàn gba Wádì já kí wọ́n tó bí Sattam.

"Tí mo bá fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró," Sattam ń wí. "Tí mo bá fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gùn. Ẹ ò ní wẹ̀yìn, ẹ ò ní mú àpò. Ẹ kàn máa gùn ni."

"Ibi mélòó ló ṣeé gùn?"

"Mẹ́sàn-án, bàbá."

"Kà wọ́n."

Sattam ń kà wọ́n. Bàbá Kalaf mú okùn, ó ń ta á ní kókó láìwò ó. Nígbà tí Sattam dé orí ìkeje, ọwọ́ bàbá náà dúró. Gbogbo ilé mọ ìkeje. Ibẹ̀ ni Kalaf ti ti àwọn àlejò mẹ́rin gòkè, tí kò sì ráyè gun tirẹ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ ní kókó yìí?" Bàbá Kalaf béèrè, ó na okùn tí Sattam ti ta sílẹ̀ sí i.

"Kalaf ni."

Bàbá Kalaf tú kókó náà, ó tún un ta, ó ní kí wọ́n parí rẹ̀ fún ọjọ́ náà.

Wadha ń rán ẹ̀wù. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ṣe lọ́jọ́ Àlàmísì, nítorí òun fúnra rẹ̀ ò fi pamọ́ fún mi. Ó rán okùn èjìká ọ̀tún ẹ̀wù náà ní ìránkúrán. Ó mọ̀ pé Sattam máa fà á wò, pé ó máa já, pé Sattam ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́, àti pé kò sí ẹ̀wù mìíràn tó bá bàbá náà mu. Gbogbo nǹkan ì bá dúró níbẹ̀. Ó wo ojú rírán náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló rò ó pé ọ̀rọ̀ ìbúra ni, pé tí bàbá òun ò bá wọlé, òun ti pàdánù Sattam nìyẹn. Tó bá sì wọlé, òun lè pàdánù àwọn méjèèjì. Ó tú u. Ó rán an lójú mẹ́rin. Omijé ń bọ́ sórí fóòmù náà, kò nù ún.

Sátidé, oòrùn yọ sórí ọ̀run tí kò ní àbààwọ́n kankan. Wọ́n wa ọkọ̀ dé ẹnu Wádì: Bàbá Kalaf, ìyàwó rẹ̀, Wadha, Sattam, àti Ìyá Rakan tó wá jẹ́rìí. Omi tó ń wọ àárín àpáta mọ́ gaara, kò kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Bàbá Kalaf ti wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó ti so bàtà. Sattam fa okùn èjìká ẹ̀wù náà lọ́tùn-ún, ó fà á lósì. Ó wo Wadha, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló pe bàbá rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá." Ó ń gbọ́. "Lápá ibo?" Ó tún ń gbọ́. "Ìdí rẹ̀ ńkọ́?" Ó pa fóònù náà, ó fi í sínú àpò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn tó ti tú sílẹ̀.

"Kí lò ń ṣe?" Bàbá Kalaf bi í.

"A ò wọlé lónìí, bàbá."

"Kí ló sọ?"

"Ó rí ìkùukùu kan lápá ìwọ̀-oòrùn. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ní ìdí rẹ̀ dúdú."

Bàbá Kalaf gbójú sókè, gbogbo wọn sì gbójú sókè pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan lójú ọ̀run.

"Olóorun ti jí nìyẹn," Bàbá Kalaf ní. "Ó sùn lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, ó wá jí lọ́jọ́ tí ọ̀run mọ́."

Ìyá Rakan sún mọ́ Sattam, ó fà á lápá. "Ọmọ mi, ṣé o mọ ohun tó ń jáde lẹ́nu ẹ? Ọkùnrin yìí ti búra. Ọmọ náà ló ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ yẹn."

"Mo mọ̀, ìyá."

"Àtẹ́lẹwọ́ kan péré."

"Mo gbọ́, ìyá."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn Wadha, ó sì ń tì í lójú. Mú un wọlé. Mú bàbá mi wọlé kí n lè fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀, ó sì ń rò bẹ́ẹ̀. Sattam wò ó bíi pé ó gbọ́ ohun tó ń rò, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Síbẹ̀ kò dẹ́kun okùn kíká.

"Ó dáa," Bàbá Kalaf ní. Ó jókòó sórí òkúta. "A ò lọ sílé. A máa jókòó síbí. Kí omi wá. Tí omi ò bá wá títí di Àsárì, kí gbogbo yín jẹ́rìí pé ojo ni mo fẹ́ fún lọ́mọ."

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, amọ̀nà kan tó ń jẹ́ Faris kó àlejò márùn-ún dé. Sattam lọ bá a sọ̀rọ̀ nídìí ọkọ̀. Wọ́n gbọ́ ẹ̀rín Faris. "Ta ló rí i? Olóorun?" Ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wọlé, ó ń fọn fèrè ṣeré, títí tí wọn ò fi gbọ́ fèrè náà mọ́.

Ẹ bá mi wo ìjókòó yẹn. Wọ́n ń wo omi. Wadha ti òkúta kékeré kan sí etí rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń kún. Kò kún. Ìyá Kalaf ń ka tẹ̀sùbáà. Wọ́n kírun Áílà, wọ́n jẹ búrẹ́dì tí wọ́n dì fún ìrìn àjò, kò sẹ́ni tó mọ adùn rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, atẹ́gùn tútù kan fẹ́ jáde láti inú Wádì, gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Atẹ́gùn lásán ni. Wadha rí i pé òun ti ń gbàdúà kí omi wá, ó sì rántí Faris àti àwọn èèyàn márùn-ún, ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á.

Ó kù díẹ̀ kó di Àsárì tí fóònù Sattam dún. Ohùn Faris le débi pé gbogbo wọn gbọ́. "Sattam, a ti jáde o, a wà létí Òkun Iyọ̀. Omi ò kọjá orúnkún níbi kankan. Bá mi kí Olóorun."

Ìyá Rakan bo ojú rẹ̀. Bàbá Kalaf dìde, ó lọ dúró níwájú Sattam.

"Omi ò wá."

"Kò wá, bàbá."

"Gbogbo ìlú máa gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Wọ́n máa gbọ́."

"Tó bá jẹ́ ọ̀la ni mo sún ìbúra mi sí, tí bàbá ẹ tún rí irú ìkùukùu yẹn?"

"Ẹ ò ní wọlé, bàbá."

"Tí mo bá ní ká wọ ibẹ̀ nísinsìnyí kí o mú ọmọ mi lọ lónìí?"

"Ẹ má ṣe báyìí fún mi. Mo fẹ́ràn ọmọ yín. Ẹ ò ní wọlé."

Bàbá Kalaf jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn. "Àtẹ́lẹwọ́ kan," ó ní. "Bó ṣe sọ ọ́ fún èmi náà nìyẹn."

"Ta ni?" Ìyá Kalaf béèrè.

"Hamad."

Bàbá Kalaf tẹjú mọ́ iyanrìn, ó ń sọ ọ́ lọ.

"Ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àwọn àlejò ti dé láti Amman, wọ́n ti jókòó nínú ilé wa, wọ́n ti jẹ oúnjẹ wa. Mo ro bí mo ṣe máa wo ojú àlejò kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n padà sílé. Ojú ń tì mí. Mo ní Hamad máa ń rí ìkùukùu lójú oorun. Mo ní kí Kalaf kó wọn wọlé." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Kalaf béèrè lọ́wọ́ mi pé, bàbá, ṣé òkè pè? Mo ní rárá."

Wadha yíjú sí Sattam. "O mọ̀?"

"Mo jókòó ti bàbá mi nígbà tó ń pè."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Gbogbo àkókò yìí. Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ láàárọ̀ yìí?"

"Bàbá mi ló ni ọ̀rọ̀ náà, Wadha. Ó ní kí n má fi wá nǹkan kan."

Ìyá Kalaf rìn lọ sí etí omi. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Wadha fẹ́ lọ bá a, Ìyá Rakan dá a dúró. Nígbà tó padà dé, kò wo ọkọ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí Sattam. "Pe bàbá ẹ fún mi."

Wadha sún mọ́ ọn, ó ń gbọ́ ohùn Hamad, àti igbe ewúrẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Hamad, Ìyá Kalaf nìyí."

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọdún méje ni mo fi ń ṣépè fún ẹ lórí ẹní ìrun."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o sì dákẹ́?"

"Ọmọ yín ti lọ. Tí mo bá sọ ọ́, ẹ ì bá pàdánù ọkọ yín náà."

Ìyá Kalaf gbé fóònù náà kúrò létí, ó tún gbé e padà. "Wá tọrọ ọmọ wa lọ́jọ́ Àlàrùbá. Kó èèyàn wá. Èèyàn púpọ̀."

"Mo ti búra, Ìyá Kalaf," ọkọ rẹ̀ ní láti ilẹ̀.

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó. "A ò ní ohun tí a máa fi bọ́ aláìní mẹ́wàá, nítorí náà ẹ máa gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ìbúra náà á sì kúrò lọ́rùn yín. Èyí tó kù, ẹ máa fi ẹnu yín sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn. Kò sí ààwẹ̀ tó ń san ìyẹn."

Ó gbààwẹ̀. Ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì, Wadha ló ń gbé dàbínù àti omi lọ fún un nígbà tí oòrùn bá wọ̀, ìyá rẹ̀ ò jáde. Ọjọ́ kẹta, Ìyá Kalaf gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lọ fúnra rẹ̀, ó sì jókòó. Wadha ṣàkíyèsí pé ìyá òun náà ò fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀.

Lọ́jọ́ Àlàrùbá, Hamad kó ọkùnrin mẹ́rìnlá wá, àwọn àgbà ló pọ̀ jù nínú wọn. Faris wà lára wọn. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹni tó wá tọrọ ọmọ máa gbé kọfí tí wọ́n bù fún un sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò ní fi kan ẹnu títí bàbá ọmọ á fi ní kí ó mu ún. Hamad gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Àgbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ fún wọn ti tún ọ̀fun ṣe nígbà tí wọ́n rí i pé Bàbá Kalaf náà ti gbé kọfí tirẹ̀ sílẹ̀, nínú ilé ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rí. Wadha àti ìyá rẹ̀ ń gbọ́ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀," Bàbá Kalaf ní. "Èmi ni mo ní ẹ̀bẹ̀ lónìí."

Ó sọ ọ́. Kò dín in kù. Ó sọ bí Hamad ṣe pè, ó sọ ohun tí Kalaf bi í àti irọ́ tó fi dá a lóhùn. Ó dárúkọ tí ìlú sọ Hamad, ó ní òun ló yẹ kí wọ́n máa pè bẹ́ẹ̀, nítorí òun ló di ojú òun. Nígbà tó parí, Hamad sún mọ́ ọn lórí ẹní. Ó gbé kọfí Bàbá Kalaf nílẹ̀, ó fi í lé e lọ́wọ́.

"Mu kọfí ẹ," ó ní.

Bàbá Kalaf mu ún. Lẹ́yìn náà ló tọ́ka sí èyí tó wà níwájú Hamad. "Tìẹ náà ti ń tutù. Mu ún. Ohun tí o tìtorí rẹ̀ wá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́."

Wadha fẹ́ sáré jáde, kò mọ ibi tó fẹ́ sáré lọ. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí, kò sì jẹ́ kó kúrò níbẹ̀ títí àwọn ọkùnrin fi mu kọfí wọn tán.